Okùn Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nà ní Punta Arenas

Ní ìlú wa, ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
atẹ́gùn a máa gbé ènìyàn.
Wọ́n a ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, láti òpó dé òpó,
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú,
kí ọmọ iléèwé má baà bá báàgì rẹ̀ fò lọ.
Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó rọ̀ mọ́ okùn yẹn
bí aṣọ tí wọ́n sá.
Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ní wọ́ọ̀dù kẹta, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
níbi tí gbogbo fèrèsé ti tì pa,
atẹ́gùn kan wà tí kì í mi ewé.
Maritza Oyarzo ló dojú kọ.

Ago méje àárọ̀.
Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń fi aláìsàn lé wa lọ́wọ́.
Ivonne Kusanovic, ọ̀gá wa, dúró láàárín, báírò pupa létí:
"Ta ló kọ wúruwùru yìí?"
Ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ wà nídìí ìwé.
Gbogbo wa tẹjú mọ́ bàtà wa, bàtà funfun, bàtà funfun.
Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Èmi ni.

Kì í lu ènìyàn o. Kì í búni níyàá.
Báírò yẹn náà ni.
Ó fà á lórí ọjọ́ ìsinmi Maritza, ó tún fà á,
títí ọjọ́ Àìkú mẹ́fà fi jóná léra wọn.
Nígbà tí ìyá Maritza kú ní erékùṣù Chiloé,
ó tọrọ ọjọ́ márùn-ún.
Ọ̀gá ní méjì. Ó ní, "Aláìsàn ni kò lè dúró. Òkú lè dúró."
Maritza lọ, ó bọ̀,
ó fi ọwọ́ tó fi bu erùpẹ̀ sí sàréè
wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gba iṣẹ́ alẹ́.

Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ ń rò ohun tí ẹnu rẹ̀ kò rò.
Inú a máa run ún ní ibùdókọ̀.
Ọkọ rẹ̀ ní ó ń wa eyín pọ̀ lójú oorun.
Bí bàtà gogoro bá ti dún kó-kó-kó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ a bọ́.
Ẹni tó máa ń rí iṣan ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nínú òkùnkùn,
òun ló ń ka oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin,
tó tún ń padà wá kà á.

Lóru Ọjọ́bọ̀, bàbá Eleuterio,
tó fi ogójì ọdún rẹ́ irun àgùntàn,
wo síríǹjì, ó wo ojú rẹ̀.
"Ọmọ mi, bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n báyìí,
n kì í fi kan ẹran."
Maritza wo oògùn náà:
ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí dókítà kọ.

Mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ.
Kò sunkún. Ó ṣáà ní, "Haydée, má sọ fún un."
Kò ní kí n má sọ fún dókítà.
Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde,
bí ti aláìsàn bá ni, à bá ti sáré.

Mo bu ìwé, mo kọ ọ́:
ọjọ́ Àìkú mẹ́fà, ọjọ́ méjì fún òkú ìyá,
ohùn ago méje.
Mo kọ ẹ̀rín tèmi náà sí i, mi ò fi pamọ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn mẹ́rin ti fọwọ́ sí i.
Maritza kà á, ó dá a padà, kò fọwọ́ sí i.
Ó ní òun ṣì ń rò ó.

A jáde. Atẹ́gùn ń hu bí ajá.
Ó na ọwọ́ rẹ̀, tó ṣì ń gbọ̀n, ó di okùn mú.
Mo di í mú lẹ́yìn rẹ̀.
A ò sọ̀rọ̀. Ibùdókọ̀ ṣì jìnnà díẹ̀.